Ìwé Aláìsàn ní Ọjọ́ Jàǹbá

Ẹ̀yin olùgbọ́, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ ní àkókò yìí jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ohun kan tí ó dàbí ohun kékeré lójú ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa. Ìwé aláìsàn ni. Kò sí ẹni tí ó ti dé ilé ìwòsàn rí tí kò mọ̀ ọ́n. Bí a bá ti dé ẹnu ọ̀nà, ohun àkọ́kọ́ tí wọn yóò bi wá ni pé, "Káàdì yín ńkọ́?" Bí a bá mú un jáde, akọ̀wé yóò wọ inú yàrá káàdì lọ, yóò wá fáìlì wa láàrin ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì tí ó wà lórí pẹpẹ, yóò sì gbé e fún nọ́ọ̀sì. Nígbà mìíràn, ìdúró de fáìlì yìí a máa pẹ́ ju ìdúró de dókítà lọ, àwọn ènìyàn a sì máa kùn pé, "Èmi ni mo wà níhìn-ín yìí, èmi ni ara ń ni, kí ni ẹ tún ń wá ìwé sí?"

Ìdáhùn rẹ̀ nìyí. Ojú dókítà lè rí ohun tí ó wà ní ara aláìsàn lónìí. Kò lè rí ti àná. Abẹ́rẹ́ wo ni ara ènìyàn yìí kọ̀ ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn? Irú ẹ̀jẹ̀ wo ni ó wà lára rẹ̀? Ṣé ó ní ìtọ̀ ṣúgà, àbí ikọ́ fée? Òògùn wo ni ó ń lò lójoojúmọ́ tí kò gbọdọ̀ bá òmíràn pàdé nínú rẹ̀? Ìwé ni ó mọ gbogbo ìwọ̀nyí. Ní ọjọ́ tí nǹkan bá rọgbọ, bí ìwé bá sọnù, aláìsàn lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ díẹ̀, ìyàwó rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ yóò sì sọ ìyókù. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bẹ tí kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ náà ni ọjọ́ tí iná, tàbí ìjì, tàbí bọ́ǹbù bá kó ọgọ́rùn-ún ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn láàrin wákàtí kan, tí ẹni tí ó fara gbọgbẹ́ kò lè sọ̀rọ̀, tí àwọn ará ilé rẹ̀ kò sì mọ ibi tí ó wà. Ní ọjọ́ náà, ta ni yóò sọ ẹni tí ó jẹ́? Ìtàn bí àwọn ènìyàn ti ṣe ń wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí, láti orí bébà títí dé orí kọ̀ǹpútà, ni mo fẹ́ pa fún yín.

Ojú ogun ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìgbà ogun Napoleon, oníṣẹ́ abẹ kan wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Faransé tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dominique Jean Larrey. Kí ó tó dé, ipò ni a fi ń tọ́jú ènìyàn ní ojú ogun: ọ̀gágun ṣáájú, mẹ̀kúnnù tẹ̀lé e. Larrey ní rárá o, bí ọgbẹ́ bá ti wúwo tó ni kí a wò, kí a má wo ipò ẹni tí ó ni ọgbẹ́. Ó ń ṣa àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí alobì ti ń ṣa obì: èyí tí kò lè dúró di ọ̀la lọ́tọ̀, èyí tí ó lè dúró lọ́tọ̀. Nínú ọ̀rọ̀ Faransé tí ó túmọ̀ sí "láti ṣà" ni àwọn dókítà gbogbo ayé sì ti mú orúkọ tí wọ́n fi ń pe iṣẹ́ yìí títí di òní, èyíinì ni triage. Lẹ́yìn náà, ní ìgbà ogun Crimea, láàrin 1854 sí 1855, oníṣẹ́ abẹ ará Rọ́ṣíà kan, Nikolai Pirogov, pín àwọn tí wọ́n ń gbé wá fún un ní Sevastopol sí ọ̀nà márùn-ún, láti orí àwọn tí kò sí ìrètí fún mọ́ títí dé orí àwọn tí ọgbẹ́ wọn kò ju kí a dì í kí wọ́n sì máa lọ.

Nínú ogun Crimea kan náà ni obìnrin Gẹ̀ẹ́sì nì, Florence Nightingale, ti dé ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ní Scutari ní oṣù kọkànlá 1854. Gbogbo wa ni a ti gbọ́ nípa àtùpà rẹ̀. Ohun tí a kò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ni ti ìwé. Ó bá ìwé àkọsílẹ̀ àwọn òkú níbẹ̀, kò jẹ́ ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ ni iye tí ọ̀kan sọ kò bá ti èkejì mu. Ẹ rò ó wò. Ọkùnrin kú ní ilẹ̀ òkèèrè, a sì kọ ikú rẹ̀ sínú ìwé kan, ìwé kejì kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Nightingale padà sí ilé, ó fi ọ̀pọ̀ ọdún jà fún ohun kan: pé kí gbogbo ilé ìwòsàn máa kọ àkọsílẹ̀ wọn ní ọ̀nà kan náà, kí a lè fi ti ibí wé ti ọ̀hún, kí a sì mọ ohun tí ń pa ènìyàn. Ohun tí ó sì ń pa àwọn ọmọ ogun jù ní Scutari kì í ṣe ọta ìbọn, bí kò ṣe àrùn tí ó wá láti inú ẹ̀gbin. Òǹkà ni ó fi hàn.

Ní Amẹ́ríkà, nígbà ogun abẹ́lé wọn, ọ̀ràn orúkọ di ohun tí àwọn ọmọ ogun fúnra wọn wá ọgbọ́n sí. Ọ̀gágun Horace Porter kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé, ní oṣù kẹfà 1864, kí ìkọlù ńlá Cold Harbor tó bẹ̀rẹ̀, òun rí àwọn ọmọ ogun tí ó dàbí ẹni pé wọ́n ń rán ẹ̀wù wọn. Ó kọ́kọ́ rò pé aṣọ ni wọ́n ń tún ṣe. Nígbà tí ó súnmọ́ wọn, ó rí i pé bébà ni, tí wọ́n kọ orúkọ àti ilé wọn sí, wọ́n ń so ó mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀wù, kí a lè mọ òkú wọn, kí a sì lè ránṣẹ́ sí ilé. Àwọn baba wa wí pé orúkọ ẹni ni ìjánu ẹni. Àwọn ọmọ wọ̀nyí mọ̀ ọ́n. Wọn kò fẹ́ kí a sin àwọn bí ẹni tí kò ní ìyá, tí kò ní baba. Nígbà tí ogun àgbáyé kìíní sì dé ní 1914, káàdì ni a ń so mọ́ ara ọmọ ogun tí ó gbọgbẹ́, tí a kọ orúkọ rẹ̀, ọgbẹ́ rẹ̀ àti abẹ́rẹ́ tí a ti gún un sí, kí ẹni tí yóò gbà á lẹ́yìn má baà tún un gún.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú ogun sílẹ̀ wàyí, kí a wọ inú ilé ìwòsàn ìgbà àlàáfíà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, dókítà kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìwé ńlá tirẹ̀, ibẹ̀ ni ó sì ń kọ gbogbo àwọn tí ó bá wò sí, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, bí oníṣòwò ti ń kọ gbèsè. Bí aláìsàn kan bá ti rí dókítà mẹ́rin, inú ìwé mẹ́rin ni ìtàn àìsàn rẹ̀ wà. Ní 1907, dókítà kan tí ń jẹ́ Henry Plummer, ní Mayo Clinic tí ó wà ní ìlú Rochester ní Minnesota, fi òpin sí èyí. Ó fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà kan, ó sì kó gbogbo ìwé rẹ̀ sínú fáìlì kan. Fáìlì náà kì í ṣe ti dókítà mọ́; ti aláìsàn ni. Káàdì tí a ń mú lọ sí ọsibítù lónìí, pẹ̀lú nọ́ńbà tí ó wà lórí rẹ̀, ọmọ ọgbọ́n yẹn ni.

Ọgbọ́n náà dára, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan tí a kò tètè rí. Bí gbogbo ìwé ènìyàn bá ti wà ní ojú kan, ojú kan náà ni ó lè ṣègbé sí. Bébà kò lè wà ní ibi méjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Kọ̀ǹpútà ni ó yí èyí padà. Ní 1972, ní Indianapolis, Clement McDonald àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Regenstrief Institute bẹ̀rẹ̀ sí fi ìwé aláìsàn sínú ẹ̀rọ. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, àwọn dókítà àti àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan nínú àwọn ilé ìwòsàn tí ìjọba Amẹ́ríkà kọ́ fún àwọn ọmọ ogun tí ó ti fẹ̀yìntì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Àwọn ọ̀gá kan ní olú ilé iṣẹ́ kò fẹ́ ẹ. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ náà fi kọ́kọ́ jẹ́ iṣẹ́ abẹ́lẹ̀, tí ilé ìwòsàn kan ń fi ohun tí ó ṣe ránṣẹ́ sí òmíràn láìpariwo. Nígbà tí ó yá, ìjọba gbà á. Ní àwọn ọdún 1990, a sọ ètò náà ní VistA, ó sì tàn ká gbogbo ilé ìwòsàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì jákèjádò ilẹ̀ náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ohun ìrọ̀rùn ni, tí yóò mú kí iṣẹ́ yá. Ọdún 2005 ni ó fi hàn pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2005, ìjì líle tí a pè ní Katrina wọ etí òkun Louisiana. Ìlú New Orleans wà nínú ìlẹ̀ tí ó rẹlẹ̀. Apá púpọ̀ nínú rẹ̀ rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ, ògiri àti òkìtì ni ó sì ń dá omi dúró. Àwọn ògiri náà ya. Omi bo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìlú náà. Àwọn tí ó kú lé ní 1,300, àwọn tí ó sì sá kúrò ní ilé wọn ní agbègbè náà lé ní àádọ́ta ọ̀kẹ́. Òjò kò bẹ́nì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Ilé ìwòsàn pàápàá kò bọ́. Charity Hospital, tí a dá sílẹ̀ ní 1736 fún ìtọ́jú àwọn tálákà, ni omi ká mọ́ tí iná sì kú. Àwọn nọ́ọ̀sì ń fi ọwọ́ tẹ afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn aláìsàn fún wákàtí pípẹ́, títí a fi rí ọkọ̀ kó wọn jáde. Ilé ìwòsàn náà kò tún ṣí mọ́ láti ìgbà náà.

Ẹ wá wo àwọn tí ó sá. Wọ́n dé Houston, wọ́n dé Atlanta, wọ́n dé ibi tí wọn kò dé rí. Nínú wọn ni ẹlẹ́jẹ̀ ríru wà, ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tí ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ. Òògùn wọn ti bá omi lọ. Dókítà tuntun bi ọ̀kan pé, "Òògùn wo ni ẹ ń lò?" Òun fèsì pé, "Èyí funfun kékeré ni." Òògùn funfun kékeré mélòó ni ó wà láyé? Dókítà tí ó ti ń tọ́jú rẹ̀ ńkọ́? Òun náà ti sá. Fáìlì rẹ̀ ńkọ́? Ó ti di ẹrẹ̀. Ẹni tí ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ kò tilẹ̀ lè sọ oògùn tí a fún un tàbí iye ìgbà tí ó kù. Ìjì ti lọ, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ kò tíì lọ; ó bá àwọn ènìyàn dé ibi ààbò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yà kan wà láàrin àwọn tí ó sá tí ọ̀ràn wọn yàtọ̀: àwọn ajagunfẹ̀yìntì. Ilé ìwòsàn tiwọn ní New Orleans bá omi lọ bí ti àwọn ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ìwé wọn wà nínú ẹ̀rọ, a sì ti dà wọ́n kọ sórí téèpù. Àwọn òṣìṣẹ́ kó téèpù náà jáde kúrò nínú ìlú, wọ́n gbé e dé Houston, wọ́n sì tún ètò náà gbé dìde níbẹ̀ láàrin ọjọ́ mélòó kan. Láti ìgbà náà, ibikíbi tí ajagunfẹ̀yìntì kan bá sá dé, bí ó bá ti wọ ilé ìwòsàn wọn níbẹ̀, dókítà yóò tẹ orúkọ rẹ̀, yóò sì rí ìtàn àìsàn rẹ̀. Ní ibi tí ó lé ní 200 ni a ti ṣí ìwé wọn wò. Kí oṣù kan tó pé, a ti ṣí ìwé ìdá tí ó lé ní ẹyọ kan nínú mẹ́ta àwọn tí ń gba ìtọ́jú ní agbègbè náà tẹ́lẹ̀. Nítorí ìyókù àwọn ènìyàn, ìjọba àti àwọn olóògùn pawọ́ pọ̀, wọ́n sì ṣí ètò kan tí a pè ní KatrinaHealth ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án, kí àwọn dókítà lè rí òògùn tí àwọn tí ó sá ti rà. Ó dára, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó lé ti kọjá kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tí a ti pèsè ṣáájú ìjì, ọjọ́ mélòó kan ni ó gbà; èyí tí a ń wá lẹ́yìn ìjì, ọ̀sẹ̀ ni ó gbà.

Ọdún mẹ́fà lẹ́yìn náà, ìdánwò mìíràn dé, ní ìlú Joplin ní Missouri. Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 2011, ilé ìwòsàn ńlá tí ó wà níbẹ̀, St. John's, fi ìwé sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí lo ẹ̀rọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣì ń kọ́ ọ ni. Ní ọjọ́ 22 oṣù kan náà, tí í ṣe ọjọ́ Ìsinmi, ní nǹkan bí agogo 5 kọjá ìṣẹ́jú 41 ní ìrọ̀lẹ́, ìjì àjà kan kọjá láàrin ìlú. Irú àjà tí ó le jùlọ ni. Ó pa ènìyàn 161. Ó kọlu ilé ìwòsàn náà gan-an: ó fọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ fèrèsé, ó ba ẹ̀rọ amúnáwá jẹ́, ènìyàn mẹ́fà sì kú níbẹ̀. Aláìsàn 183 ni ó wà lórí ibùsùn. Àwọn òṣìṣẹ́ gbé wọn gba orí àtẹ̀gùn nínú òkùnkùn, lórí ilẹ̀kùn tí ó ti já, lórí àga, lórí ohunkóhun tí ọwọ́ wọn bá bà, wọ́n sì kó gbogbo wọn jáde láàrin nǹkan bí wákàtí kan àti ààbọ̀.

Ìjì náà fẹ́ bébà àti àwòrán X-ray láti inú ilé ìwòsàn yẹn. A rí wọn nínú oko àti nínú àgbàlá àwọn ènìyàn ní ìlú tí ó lé ní 60 máìlì sí Joplin. Bí ó bá ṣe pé oṣù kan ṣáájú ni, ìwé gbogbo àwọn 183 yìí ni à bá máa ṣà nínú oko. Ṣùgbọ́n ìwé tí wọ́n ń lò lọ́wọ́ kò sí ní Joplin rárá. Ó wà nínú ilé ẹ̀rọ tí ẹgbẹ́ tí ó ni ilé ìwòsàn náà kọ́ sí ìlú Washington ti Missouri, ní apá kejì ìpínlẹ̀ náà. Nítorí náà, àwọn ilé ìwòsàn ẹgbẹ́ kan náà tí ó gba àwọn aláìsàn wọ̀nyí lè rí ohun tí a ti ṣe fún wọn. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, St. John's ti ń tọ́jú ènìyàn lábẹ́ àgọ́, ìwé inú ẹ̀rọ kan náà ni wọ́n sì ń lò lábẹ́ àgọ́ náà. Ní 2015 ni ilé ìwòsàn tuntun ṣí.

Ẹ̀kọ́ tí New Orleans àti Joplin kọ́ wa ṣe kedere. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ dára ju bébà lọ ní ti pé ó jẹ́ ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ náà bá wà nínú yàrá ìsàlẹ̀ ilé ìwòsàn kan náà, tí kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn, omi yóò gbé e bí ó ti gbé fáìlì. Ohun tí ó gba ènìyàn là ni pé, nígbà tí ilé ń wó, ìwé kò sí nílé.

Bí mo bá dúró níbí, ẹ ó rò pé oògùn gbogbo jàǹbá ni kọ̀ǹpútà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 2013, níbi eré sísá ọ̀nà jíjìn ti ìlú Boston, bọ́ǹbù méjì bú ní agogo 2 kọjá ìṣẹ́jú 49 ní ọ̀sán. Ènìyàn mẹ́ta kú níbẹ̀, àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ sì lé ní 260. Ìlú tí ó kún fún ilé ìwòsàn ńlá ni Boston. Gbogbo ẹni tí a gbé dé ilé ìwòsàn láàyè ni kò kú. Síbẹ̀, àwọn dókítà Brigham and Women's Hospital jókòó lẹ́yìn náà láti yẹ ara wọn wò, wọ́n sì rí ibi tí ẹ̀rọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já wọn kulẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ọ̀ràn orúkọ. Ẹ̀rọ kò lè ṣí ìwé fún ẹni tí kò ní orúkọ, nítorí náà wọ́n fún àwọn tí a kò mọ̀ ní orúkọ àgbéwọ̀. Àwọn orúkọ àgbéwọ̀ náà sì jọ ara wọn gidigidi. Bí ó bá jẹ́ ẹyọ ẹnì kan ní ọ̀sẹ̀ kan, kò sí ewu. Ṣùgbọ́n bí ó bá di púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀jẹ̀ tí a pèsè fún ọ̀kan lè bọ́ sí ara èkejì. Èkejì ni pé ó ṣòro láti mọ, ní ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú, yàrá tí ènìyàn wà: ṣé ó ṣì wà ní ìsàlẹ̀ ni, àbí a ti gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ? Ẹ̀kẹta ni pé ọwọ́ tí ó di ọgbẹ́ mú kí ẹ̀jẹ̀ má baà dà kò lè máa tẹ ìwé. Lẹ́yìn èyí, wọ́n yí ètò padà, kí orúkọ àgbéwọ̀ kọ̀ọ̀kan lè yàtọ̀ gedegbe.

Ẹ wò ó bí ìtàn ti yí padà sí ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ogun Cold Harbor tí ó so orúkọ rẹ̀ mọ́ ẹ̀wù ní 1864, àti dókítà Boston tí ó ń wá orúkọ fún ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ní 2013, ìṣòro kan náà ni wọ́n ní. Ẹ̀rọ lè mú ìtàn ogún ọdún wá ní ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n ó kọ́kọ́ fẹ́ mọ ẹni tí à ń bi í léèrè. Bí a kò bá mọ orúkọ, ìtàn náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tì.

Jàǹbá mìíràn sì wà tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ gan-an ni ó ń kọlù. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún 2017, àwọn ọlọ́ṣà orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ohun búburú kan tí a pè ní WannaCry ti àwọn kọ̀ǹpútà pa káàkiri ayé, wọ́n sì ní àfi kí a sanwó kí àwọn tó ṣí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú 236 àwọn ẹ̀ka tí ń bójú tó ilé ìwòsàn ìjọba, ó kéré tán 80 ni ọ̀ràn náà kàn. Àwọn dókítà padà sórí bébà àti kálámù. A sọ fún àwọn aláìsàn kan pé kí wọ́n máa lọ sí ilé, iṣẹ́ abẹ wọn kò lè ṣeé ṣe. Kò sí ìjì, kò sí iná, ilé dúró digbí. Ìwé nìkan ni kò sí. Ilé ìwòsàn tí ó ti da gbogbo bébà rẹ̀ nù, tí kò sì kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bí a ti ń kọ nǹkan lọ́wọ́, kò ní òòbẹ̀ tí yóò fi ṣẹbọ nígbà tí kò bá rí àdán.

Bóyá ẹlòmíràn láàrin yín ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ọ̀ràn àwọn òyìnbó ni gbogbo èyí, kí ni ó kàn wá?" Ó kàn wá ju bí a ti rò lọ. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ pawọ́ pọ̀ pẹ̀lú àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà yunifásítì náà, àti àwọn ti Yunifásítì Kuopio ní ilẹ̀ Finland, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fi ìwé aláìsàn sínú ẹ̀rọ ní Ifẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́, tí wọ́n sì sọ ní MINPHIS nígbẹ̀yìn, orí irinṣẹ́ tí àwọn ilé ìwòsàn ajagunfẹ̀yìntì Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ṣe ni wọ́n gbé e lé. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa: iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ kan náà tí ó di VistA, tí ó gba àwọn ajagunfẹ̀yìntì New Orleans lọ́wọ́ ìdààmú ní 2005, ọmọ ìyá rẹ̀ ti wà ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣáájú Katrina. Nítorí náà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ọgbọ́n náà kò dé ọ̀dọ̀ wa. Ó dé. Ìbéèrè ni pé kí ni a fi ṣe, àti pé títí dé ibo ni a gbé e dé. Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ìwòsàn wa, yàrá káàdì ṣì ni ọba.

Bẹ́ẹ̀ ni a kò sì lè sọ pé àwa kò mọ ọjọ́ jàǹbá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kìíní 2002, tí í ṣe ọjọ́ Ìsinmi, ilé ìkó-bọ́ǹbù-sí ti àwọn ológun ní Ìkejà gbiná, bọ́ǹbù sì ń bú títí di òru. Àwọn tí ó kú lé ní 1,000. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn ni kò fara kan iná rárá. Ẹsẹ̀ eré ni ó gbé wọn dé odò ẹ̀gbin ní Òkè-Àfà nínú òkùnkùn, omi sì gbé wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó já kúrò lọ́wọ́ ìyá àti baba. Àwọn òbí ń lọ láti ilé ìwòsàn kan dé òmíràn, láti àgọ́ ọlọ́pàá kan dé òmíràn, wọ́n ń wo ojú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìwé kan ṣoṣo tí a lè ṣí kí a rí orúkọ gbogbo ẹni tí a gbà, àti ibi tí ó wà. Ẹni tí ó bá ti wá ọmọ nù rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ fún wákàtí kan péré nínú ọjà, yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí.

Ẹ̀yin olùgbọ́, kí ni kí a wá ṣe? Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Iṣẹ́ ìjọba àti ti àwọn alákòóso ilé ìwòsàn ni èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀: kí ìwé aláìsàn wọ inú ẹ̀rọ, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà ní ìlú mìíràn, kí iná má ṣe jẹ́ ohun tí yóò pa á, kí àpótí kan sì wà ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan, tí káàdì onínọ́ńbà, okùn àti kálámù wà nínú rẹ̀, fún ọjọ́ tí ènìyàn bá pọ̀ ju ẹ̀rọ lọ. Kí wọ́n sì máa fi ṣe ìdánrawò, nítorí ohun tí a kò ṣe rí ní ọjọ́ àlàáfíà, a kò lè mọ̀ ọ́n ṣe ní ọjọ́ tí ariwo bá gba ìlú.

Ṣùgbọ́n apá kan wà tí ó jẹ́ ti èmi àti ẹ̀yin. Ẹ gba bébà kékeré kan lónìí. Ẹ kọ orúkọ yín sí i ní kíkún, pẹ̀lú orúkọ ẹnì kan tí a lè pè. Ẹ kọ irú ẹ̀jẹ̀ yín, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Ẹ kọ àìsàn tí ẹ ń gbé kiri, òògùn tí ẹ ń lò, kì í ṣe "èyí funfun kékeré", bí kò ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an bí ó ti wà lára páálí. Ẹ kọ èyí tí ara yín kọ̀ pẹ̀lú. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ yín, àti fún ìyá yín arúgbó tí kò mọ̀wé. Ẹ fi ọ̀kan sínú àpò, ẹ fi èkejì sí ọwọ́ ẹbí tí kò sí ní ilé kan náà pẹ̀lú yín. Kò ná wa ní nǹkan kan. Bí ọjọ́ náà kò bá dé, a dúpẹ́. Bí ó bá sì dé, ẹni tí yóò wò wá kò ní máa tẹ̀ táàtàà bí afọ́jú, àwọn ará ilé wa yóò sì mọ ibi tí wọn yóò ti bá wa.